Kí Wọ́n Tó Fá Orí Rẹ: Bí O Ṣe Lè Pa Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ológun Dà

Ẹni tó bá gba orí ọ̀sà kọjá lágbègbè Locodjro ní Abidjan yóò rí àwọn ọkọ̀ ogun aláwọ̀ eérú tí wọ́n so mọ́ èbúté. Ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi Côte d'Ivoire nìyẹn, inú Attécoubé gan-an ló sì wà, kò jìnnà sí ibi tí àwọn ará Abobo-Doumé ti ń wọ bateau-bus lọ sí Plateau. Ọmọ Anago, ìyẹn ọmọ Yorùbá, tí wọ́n bí sí Attécoubé, tó ti ń wo aṣọ funfun àwọn ará Locodjro láti kékeré, lè ti pinnu kó tó dàgbà pé orí omi lòun máa bá lọ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọkàn kọ́ ló ń pín èèyàn sí ẹ̀ka. Ìdánwò tó bá kọ́kọ́ jáde ni ọmọ máa ń sáré ṣe. Ó lè jẹ́ ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, kó ṣe é, kó yege, kí wọ́n ní kó lọ máa retí ọjọ́ tí wọn yóò pè é. Bó ṣe ń retí, ẹ̀ka tó wù ú látilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn.

Àsìkò yẹn nìkan ni orí yìí wà fún: láti ọjọ́ tí orúkọ rẹ ti jáde tàbí tí o ti fọwọ́ sí ìwé, títí di ọjọ́ tí wọn yóò fá orí rẹ ní ibùdó ìdálẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òfin ológun ti mú ọ, ohun tí a kọ síbí kò sì wúlò fún ọ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹ̀ka kan á kàn gbé fáìlì ọmọ lé ẹ̀ka kejì lọ́wọ́, bí ìgbà tí ọmọ iléèwé bá kó láti Adjamé lọ sí Yopougon. Má gbọ́kàn lé e. Ẹni tó ti jẹ́ ṣọ́jà ni ìjọba ń gbé láti ibì kan sí ibòmíì, nígbà tó bá sì wu ìjọba ni. Nígbà tí Nàìjíríà dá ẹ̀ka ogun òfúrufú sílẹ̀ ní 1964, inú ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. George Kurubo, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka náà, ọ̀gá ṣọ́jà orí ilẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Shittu Alao tó gbapò lẹ́yìn rẹ̀, tó sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní 1969. Ìjọba ló nílò wọn níbẹ̀, ìjọba ló sì gbé wọn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dá ọ lójú pé ó rọrùn, bi í léèrè bóyá ẹni tí kò tíì wọ bárékè rí ni ó ń sọ.

Ìwọ kì í ṣe ṣọ́jà síbẹ̀. Ẹni tó ń retí ni ọ́. Ohun tó wà níwájú rẹ ni kí o jáde kúrò lórí ìlà kan, kí o sì lọ tò sẹ́yìn òmíràn. Kókó méjì ló wà níbẹ̀: bí o ṣe máa jáde tí orúkọ rẹ kò ní bàjẹ́, àti bóyá ìlà kejì tiẹ̀ gba irú rẹ. Èkejì yìí ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Abidjan ti ń ṣubú.

Ọmọ ilẹ̀ ibo ni ìwé rẹ sọ pé o jẹ́?

Àwọn ará Èjìgbò, Ìníṣà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ti pẹ́ ní Côte d'Ivoire tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọmọ wọn fi ń ṣàwàdà ní Faransé, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá kí àgbà nìkan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í bi ara rẹ̀ léèrè ọmọ ilẹ̀ ibo lòun. Ó ti ka ìwé níbẹ̀, ó ti gba BEPC níbẹ̀, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ òfin ọmọ onílùú tí Côte d'Ivoire ṣe ní 1961, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1972, òbí ló ń wò, kì í wo ilé ìwòsàn tí wọ́n bíni sí. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ bá jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire, ọmọ ibẹ̀ ni ọ́. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni ọ́, ì báà jẹ́ Attécoubé ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà nígbà kan. Ní 2013, ìjọba ṣe òfin àkànṣe fún àwọn àlejò tó ti ń gbé níbẹ̀ ṣáájú òmìnira 1960, àti fún àwọn kan tí wọ́n bí sí ibẹ̀ láàárín 1961 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1973, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, pé kí wọ́n wá kéde ara wọn kí wọ́n sì di ọmọ onílùú. Àsìkò òfin náà parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ àti bàbá bàbá rẹ bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn lo àǹfààní yẹn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé bàbá ti gbàwé, kó fi sínú àpótí, kó má sọ fún ọmọ.

Ìwé ìbí kò tó láti fi hàn pé o jẹ́ ọmọ onílùú. Certificat de nationalité ni wọ́n ń béèrè, kóòtù ló sì ń fúnni. Kóòtù náà ló ń fúnni ní casier judiciaire, ìwé tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ rí, èyí tí kì í pẹ́ gbó: ọ̀pọ̀ concours, ìdánwò ìgbàwọlé, kì í gba èyí tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ẹni tó ń pa ẹ̀ka dà yóò tún gbogbo ìwé rẹ̀ kó jọ lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó kó sílẹ̀ fún ẹ̀ka àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sábà dá a padà. Nítorí náà, nígbàkigbà tí o bá ń gba ìwé ní kóòtù tàbí ní mairie, gba ju ẹyọ kan lọ.

Ní ti ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn ní apá yìí. Abala 25 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ fún ọ pé nítorí pé Abidjan ni wọ́n bí ọ sí, o kò lè wọ ṣọ́jà nílé.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ní ìwé ìlú méjì ka ìyẹn sí ẹ̀ka méjì. Pípa ẹ̀ka dà láti ti orí ilẹ̀ sí ti ojú omi nínú ìlú kan náà ni à ń sọ. Kí èèyàn wà lórí ìlà ṣọ́jà ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wàhálà tó máa ń gbéyìn rẹ̀ kò ní tán láéláé.

Ní Côte d'Ivoire

Corps habillé ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ ìjọba ní Abidjan, látorí ṣọ́jà dórí aṣọ́bodè. Nínú ìwé, wọn kò papọ̀. Ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti òfúrufú, ti ojú omi, Forces spéciales àti Gendarmerie wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò. Ọlọ́pàá wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Gendarmerie ní concours tirẹ̀ àti iléèwé tirẹ̀, ọ̀kan ní Abidjan, èkejì ní Toroguhé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Daloa. Bouaké ni ENSOA wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sous-officier. Zambakro nítòsí Yamoussoukro ni École des Forces Armées wà, fún àwọn tí yóò di officier. EMPT ti Bingerville ń gba ọmọ tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, òun kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ tiwa.

Ohun tí ètò yìí túmọ̀ sí fún ọ ni pé láti ẹ̀ka tí o wà bọ́ sí Gendarmerie tàbí ọlọ́pàá, concours tuntun lo máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: ìwé, eré ìdárayá, ìdánwò, àyẹ̀wò ara, àti enquête de moralité níbi tí wọ́n ti ń wádìí ìwà rẹ ládùúgbò. Bí fọ́ọ̀mù tí o kọ́kọ́ kọ bá fún ọ láyè láti yan láàárín orí ilẹ̀, òfúrufú àti ojú omi, àkókò tí o lè yí ohun tí o yàn padà ni kí wọ́n tó ti gbígba fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa orúkọ pọ̀, ibi tí iṣẹ́ bá ti nílò èèyàn ni wọ́n ń fi èèyàn sí, ẹ̀bẹ̀ ò sì ní yí i padà.

Kí o tó ronú àtikúrò, ka ìwé ìpè rẹ. Ọjọ́ incorporation, ọjọ́ tí wọn yóò gbà ọ́ wọlé, ni kókó. Kọ ọ́ sí ibi tí gbogbo ará ilé ti máa rí i. Lẹ́yìn náà, wo ọjọ́ orí tí concours kejì gbà, kí o sì ṣírò ọjọ́ orí tìrẹ ní ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é, kì í ṣe lónìí. Ọmọ tó bá jọ̀wọ́ àyè tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìdánwò tí wọn kò tíì kéde, ó lè dàgbà kọjá ọjọ́ orí méjèèjì.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ fún ọmọ pé kó má ṣe ìdánwò kejì rárá títí yóò fi fi àkọ́kọ́ sílẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣíṣe ìdánwò kejì nígbà tí o ṣì ń retí kò burú, níwọ̀n ìgbà tí ìpolówó concours náà kò bá dènà rẹ̀. Ohun tó burú ni pípurọ́. Bí wọ́n bá béèrè nínú fọ́ọ̀mù tàbí níwájú ìgbìmọ̀ bóyá orúkọ rẹ wà níbòmíì, sọ pé ó wà. Enquête de moralité á dé Attécoubé, wọ́n á bi àwọn ará àdúgbò, ẹnìkan á sì sọ pé, "Ṣé ọmọ yẹn? Ó ti wọ ṣọ́jà." Òtítọ́ tí o ti sọ tẹ́lẹ̀ ni yóò gbà ọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ẹ̀ka kejì bá ti fi orúkọ rẹ jáde lórí ìwé, tí kì í ṣe ìlérí ẹnu, ìgbà yẹn ni kí o kọ lettre de désistement, lẹ́tà ìyọ̀ǹda àyè, sí ẹ̀ka àkọ́kọ́. Faransé ni kí o fi kọ ọ́, kó má ju ojú ewé kan lọ. Kọ ọ́ sí ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé ìpè rẹ. Fi orúkọ rẹ síbẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé ìbí, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdíje rẹ, orúkọ concours àti ọdún rẹ̀, àti gbólóhùn kan tó sọ ní kedere pé o yọ̀ǹda àyè rẹ. Má kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ síbẹ̀. Má bú ẹ̀ka àkọ́kọ́. Má sọ pé ara rẹ ò yá bí ara rẹ bá yá, nítorí ìwé náà lè pàdé rẹ níwájú dókítà ẹ̀ka kejì.

Tẹ ẹ̀dà méjì. Fúnra rẹ ni kí o gbé e lọ, wọ aṣọ tó mọ́, dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ní ọ́fíìsì, sọ pé décharge lo fẹ́ lórí ẹ̀dà kejì: kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí i. Bí ẹni tó jókòó síbẹ̀ bá ní kò pọn dandan, fi sùúrù bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ṣe é. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ló yà ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí wọ́n pè tí kò wá. Ọmọ mìíràn wà lórí liste d'attente tó ń retí àyè tí o bá fi sílẹ̀. Bí o bá tètè fi í sílẹ̀, òun náà á lè tètè múra.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ara kò gùn. Bí ojú, etí tàbí ọkàn bá lé ọ kúrò ní ẹ̀ka kan, má rò pé òmíràn á gbójú fò ó. Ẹ̀ka òfúrufú àti ti ojú omi le lórí ojú, pàápàá lórí mímọ àwọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó sì ń lọ sí ojú omi, kó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ tó dé. Gbígbé lẹ́bàá ọ̀sà kò sọ pé èèyàn mọ ìlúwẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kí o tún bi ara rẹ léèrè ohun tó ń lé ọ. Láti ìgbà ìkọlù Kafolo ní oṣù kẹfà 2020, nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí pa ju ọmọ ogun mẹ́wàá lọ ní ààlà Burkina Faso, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń bẹ ọmọ pé kó wá ẹ̀ka tí kò ní gbé e lọ sí àríwá. Ìbẹ̀rù ìyá kò ṣeé fi ṣẹ̀sín. Àmọ́ Gendarmerie náà ń ṣiṣẹ́ ní àríwá. Ẹ̀ka ojú omi kò sì túmọ̀ sí Locodjro lójoojúmọ́. Àwọn ọkọ̀ bíi L'Émergence àti Le Bouclier, ojú òkun Gulf of Guinea ni wọ́n ń ṣọ́, níbi tí àwọn ajalèlókun ti ń ṣọṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé nítorí kí o lè máa sùn sílé lo ṣe fẹ́ pa ẹ̀ka dà, má pa á dà. Bó bá jẹ́ pé o mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí wọ́n wá fi ọ́ sínú àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, ìdí gidi nìyẹn.

Ọmọ Attécoubé tó ń lọ sílé

Ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà ní ìkànnì mẹ́ta níwájú rẹ̀, nítorí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní ìkànnì tirẹ̀ tó fi ń gba èèyàn. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà orí ilẹ̀ ń lọ sí Depot ní Zaria. Ti ojú omi ń lọ sí Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ti òfúrufú ń lọ sí Kaduna. Ìwọ̀n gíga wọn kò dọ́gba: nínú àwọn ìpolówó ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí, 1.68 mítà ni ẹ̀ka orí ilẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin àti 1.65 lọ́wọ́ obìnrin, nígbà tí ti ojú omi ń béèrè 1.70 àti 1.67. Wọn ara rẹ sára ògiri kí o tó wo ìkànnì kejì. Nínú ọ̀pọ̀ ìpolówó tó ti kọjá, ẹ̀ka orí ilẹ̀ gba ẹni ọdún 18 sí 22, ó sì sún un dé 26 fún ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́.

Ibi tó ń dá ọmọ Abidjan dúró kì í ṣe gíga. Ìwé ẹ̀rí ni. WAEC tàbí NECO ni wọ́n ń béèrè, ọmọ sì gbé BEPC tàbí BAC ti Côte d'Ivoire wá. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀nà òun yóò gba Nàìjíríà, kó ti jókòó ṣe WAEC ẹni tí kò sí nílé ìwé kó tó di pé ìkànnì ṣí, kó sì mú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tún wà níbẹ̀, àti ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀, nítorí náà ọmọ Èjìgbò, abẹ́ Ọ̀ṣun ni wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe Èkó. Ọkọ̀ Èjìgbò láti Abidjan yóò gba Noé àti Elubo, Accra, Aflao, Lomé, Cotonou àti Sèmè kó tó wọlé. Fi ọjọ́ púpọ̀ sílẹ̀ fún àwọn bodè wọ̀nyẹn, nítorí ọjọ́ ìyẹ̀wò kì í dúró de ẹni tó há sí Aflao.

Bí orúkọ rẹ bá ti jáde fún Zaria tí ti ojú omi sì pè ọ́ fún ìyẹ̀wò, ìlànà kan náà tí a sọ ní Côte d'Ivoire ló bá a mu, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà máa jẹ́. Ìwé tó bá àkójọ orúkọ jáde máa ń sọ pé ẹni tí kò bá dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan wá ń sọ pé kí ọmọ kàn jókòó sílé, orúkọ rẹ̀ á bọ́ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé á bọ́. Àmọ́ kò ní sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ tó sọ pé ìwọ lo yọ̀ǹda. Kọ lẹ́tà.

Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ dán wò ni kí o lọ sí Zaria kí o "lọ wò ó ná", kí o fọwọ́ síwèé, kí o búra, kí o wá sá lọ sí Onne. Ẹni tó bá ti wọlé, tó ti búra, ti bọ́ sábẹ́ Armed Forces Act, òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1993 tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Sísá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni òfin yẹn máa pe ìrìn àjò rẹ, kò ní pè é ní pípa ẹ̀ka dà. Irọ́ pípa nínú ìdáhùn nígbà ìforúkọsílẹ̀ náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Fún ẹni tó ń fojú sí NDA, iléèwé àwọn ọ̀gá ológun ní Kaduna, orí fọ́ọ̀mù ni wọ́n ti ń ní kó yan orí ilẹ̀, ojú omi tàbí òfúrufú. Ronú kí o tó yan. Ọdún márùn-ún ló wà níwájú rẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá wà ní Amẹ́ríkà

Amẹ́ríkà ní ètò tó yanjú fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dára kí o mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan ẹni tó ń gbé ní Attécoubé báyìí. Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé níbẹ̀ lè wà nínú Delayed Entry Program fún ọjọ́ 365 kó tó lọ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́. Láàárín àkókò yẹn, ó lè kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọ́fíìsì tó gbà á pé òun fẹ́ kúrò. Wọ́n á dá a sílẹ̀. Kò ní ṣẹ̀wọ̀n, kò ní san owó ìtanràn, kò sì ní gba ìwé ìtìjú. Ẹni tó gbà á lè bẹ̀ ẹ́ kó dúró, àmọ́ kò láṣẹ láti dẹ́rù bà á.

Ẹ̀ka kejì kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbàwọlé rẹ̀ títí àkọ́kọ́ yóò fi dá a sílẹ̀ lórí ìwé. Ó lè lọ béèrè ní ẹ̀ka kejì bóyá wọ́n á gba irú òun, kí ó tó kọ lẹ́tà ní àkọ́kọ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àbájáde ìdánwò ASVAB rẹ̀ ṣì wúlò fún ọdún méjì, nítorí náà kò pọn dandan kó tún un ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún un ní ẹ̀ka àkọ́kọ́, kò ní bá a lọ.

Fáwọn ọmọ Abidjan, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹni tó ní green card, tó sì ń gbé ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń gbà nínú àwọn tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Kò sí ẹ́ńbásì kankan tí wọ́n ti ń fọwọ́ síwèé ṣọ́jà Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá sọ pé òun ní fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Adjamé, ẹ̀ ń fún un lówó ni.

Owó, àti àwọn ará ilé

Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó ń pa ẹ̀ka dà kò balẹ̀ lọ́kàn. Ó ti ní àyè kan lọ́wọ́, ẹ̀rù ń bà á pé kó má pàdánù méjèèjì. Níbẹ̀ ni ẹnìkan á ti yọjú pé òun ní bras long, ìyẹn ẹni ńlá tó lè bá òun sọ̀rọ̀, ní iléeṣẹ́ ètò ààbò, pé bí ó bá rí nǹkan gbà, wọ́n á gbé orúkọ ọmọ láti ìlà kan sí èkejì. A ti sọ ọ́ pé ìlà kì í gbé orúkọ fún ìlà. Ohun tó ń tà fún ọ, kò sí lọ́jà.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ọmọ bá wá dọ̀bálẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ fi èyí tí mo rí gbà sílẹ̀, kí n lọ sí òmíràn," ẹ má fi ọ̀rọ̀ ohun tí ẹ ti ná dá a lóhùn. Ẹ béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀: ìwé ìpè àkọ́kọ́ dà, ìwé ìpè kejì dà, ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ọmọ tó bá lè tẹ́ méjèèjì síwájú yín ti ronú. Ọmọ tó ní ẹnìkan ló sọ fún òun kò tíì ronú. Bí ẹ bá sì ti sọ fún ẹgbẹ́ ìlú pé ọmọ yín ti wọ ṣọ́jà, tí wọ́n ti ṣàdúrà, tí wọ́n ti dáwó, ẹ lọ sọ fún wọn pé ọ̀nà ti yí. Wọ́n á kùn fún ọjọ́ kan. Ẹni tó ṣe onídùúró fún un níbi àkọ́kọ́, òun ni kí ọmọ kọ́kọ́ lọ bá, kó tó bá ẹnikẹ́ni, nítorí orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí ìwé tí wọ́n fẹ́ já.

Ìwọ ọmọ, ọjọ́ incorporation ni yóò dá ẹjọ́ yìí. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí ìwé ẹ̀ka kejì kò tíì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ pípa dà ti tán. Di ẹrù rẹ, kí o lọ síbi tí wọ́n ti pè ọ́.